Inú Géètì àbí Ìta Géètì?

Àbúrò ìyàwó mi ni awakọ̀ tí gbogbo èèyàn ń pè ní Rọra. Àwọn èrò ọkọ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀, nítorí ó ń wakọ̀ bí ẹni tó gbé àwo ẹyin lé itan. Èmi ni mo ń tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe, mo sì lè jẹ́rìí pé bírékì rẹ̀ kì í tètè jẹ, táyà rẹ̀ kì í sì í ṣàdédé bẹ́. Ọkọ̀ tó bá wà lọ́wọ́ oníwà pẹ̀lẹ́ kì í ná ni lówó. Èyí ni mo kọ́kọ́ fi fẹ́ràn rẹ̀, kí n tó fi ti àna kún un.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa kó àwọn sójà tó bá gba àyè láti bárékè lọ sí ìgboro ní gbogbo Sátidé, kí ó sì kó wọn padà. Ó ti ń ṣe é kí àwọn kan nínú wọn tó mọ ṣòkòtò í wọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kì í mutí, kì í sì í bínú sí ẹni tó bá mu. Bí ẹnìkan bá bì sínú ọkọ̀, yóò lọ gbé omi àti ọṣẹ wá, yóò ní ikùn ẹni ló mọ ohun tó lè gbà.

Òfin méjì ló pàdé ní géètì bárékè yẹn, ó sì yẹ kí n là á yéni, nítorí òun ló kó wa sí wàhálà. Ní ìgboro, ẹni tí kò bá tí ì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kò gbọdọ̀ fi ọtí kan ẹnu. Nínú bárékè, ọ̀gá àwọn sójà ti ní ẹnikẹ́ni tó bá ti wọ aṣọ ìjọba lè mu ìgò kan ní káńtíìnì lọ́jọ́ Sátidé, bó ti wù kó kéré tó. Igi gbọọrọ tí wọ́n ń gbé sókè fún ọkọ̀ ní géètì ni ààlà. Ní ìhín igi, àgbàlagbà ni sójà kékeré; ní ọ̀hún, ọmọdé ni.

Sójà kan wà tí wọ́n ń pè ní Òpó nítorí gíga rẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, ó gbé bíà tí kò tí ì mu tán wọ ọkọ̀ Rọra, ó jókòó sí àárín. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì gbé igi sókè, Rọra tẹ ọkọ̀ jẹ́jẹ́, àfi bí ẹ́ńjìnnì ṣe kú lójijì. Orí ọkọ̀ ti yọ síta, ìdí rẹ̀ ṣì wà nínú. Rọra gbójú sókè wo dígí láti bẹ àwọn èrò. Òpó ló rí, tó da ìgò dé ẹnu. Àwọn ọlọ́pàá ìgboro tó dúró létí títì náà rí ìgò tó ń dán.

Kí wọ́n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, Rọra ti ṣe ohun tí mo máa ń yìn ín fún. Ó tún ṣáná sí ọkọ̀, ó wà á síwájú, ó pa á sí ẹ̀gbẹ́ títì kó má baà dí ọ̀nà mọ́ ẹlòmíràn. Bí ẹ̀rí ṣe sọnù nìyẹn. Àwọn ọlọ́pàá ní ìta ni ọmọ náà ti mutí. Àwọn sójà ní àga rẹ̀ ṣì wà nínú bárékè. Wọ́n wo ilẹ̀ títí, ilẹ̀ kò fọhùn. Ni gbogbo wọn bá kọjú sí awakọ̀, ọlọ́pàá kan sì bi í léèrè ta ló ní kó ṣe ọmọlúàbí nírú àkókò yẹn.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Sójà tí ìgboro bá dá lẹ́bi, bárékè kì í gbà á mọ́. Wọn á bọ́ aṣọ lọ́rùn rẹ̀, wọn á dá a padà sílé ìyá rẹ̀. Ta ni yóò sì gba ẹ̀rí sójà gbọ́ lórí ọ̀rẹ́ rẹ̀? Rọra nìkan ló kù. Ọ̀gá bárékè àti ọ̀gá ọlọ́pàá fohùn ṣọ̀kan pé kó wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kó wá sọ ibi tí àga Òpó wà nígbà tí ìgò dé ẹnu rẹ̀.

Ìyá ọmọ náà, aránṣọ, wá bá a ní gáráàjì mi. A rò pé ẹ̀bẹ̀ ló bá wá. Ó ní òun kò ní kó parọ́ o, kó ṣáà rántí dáadáa. Ìyẹn wúwo ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ọlọ́pàá kan yà wá, ó kí wa dáadáa, ó sì béèrè bóyá láísẹ́ǹsì Rọra kò tí ì tó tún gbà.

Mo bá Rọra ṣírò ọ̀rọ̀ náà nílé rẹ̀. Mo ní kó ro bàtà tí wọ́n ti rà fún ọmọ yìí, oúnjẹ tó ti jẹ, ọta tó ti yìn dànù kó tó mọ ìbọn í yìn. Ta ni yóò fi odindi sójà ṣe pààrọ̀ ìdajì ìgò bíà? Ó ní òótọ́ ni. Kò pẹ́, ó tún dá mi lóhùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣírò ìbọn mọ́ ọn. Ọtí lọ́wọ́ kan, ìbọn lọ́wọ́ kejì, èló nìyẹn?"

Mo tún bẹ̀rẹ̀ ìṣírò náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó Rọra ń ká aṣọ nítòsí, ó dá sí i. "Ẹni tẹ́ ẹ ní kó lọ kú fún yín, ẹ tún ní kò tí ì dàgbà tó ẹni tó ń mutí." A mi orí pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ó ká aṣọ mìíràn. "Àmọ́ tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ni, orí rẹ̀ ni n bá fọ́ ìgò náà mọ́." Rọra wò mí, mo wò ó. A ò mọ ìhà tí obìnrin náà wà.

Rọra fúnra rẹ̀ ò mọ ìhà tí òun wà. Láàárọ̀, á ní ọmọ náà ti dàgbà, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Nírọ̀lẹ́, á ní kí wọ́n gba ìgò lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n gba ìbọn pẹ̀lú. Mo rán an létí pé wọn kò bi í bóyá ó yẹ kí ọmọ náà mu. Ibi tó ti mu ún ni wọ́n bi í. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n bí òun bá fẹ́ rántí ìkejì, ìkíní ló ń dí òun lójú. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ tí kò mọ ọ̀nà tí irọ́ gbà lọ ńkọ́?

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọ̀gá bárékè ní ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó, kí Rọra gbé ọkọ̀ wá síbi tó kú sí gan-an. Òpó jókòó sáyè rẹ̀, ó gbé ìgò òfìfo dání. Rọra wà á wá, ó dúró, ó ní ibẹ̀ ni. Gbogbo ara Òpó wà nínú bárékè, àwọn sójà sì pàtẹ́wọ́. Rọra wo dígí, ó ní rárá, ó sún síwájú. Àga Òpó bọ́ síta pátápátá. Ọ̀gá ọlọ́pàá fa bírò yọ. Ìyá ọmọ náà, tó dúró létí títì, fi ọwọ́ méjèèjì di báàgì rẹ̀ mú. Rọra tún wo dígí, ó fà á sẹ́yìn díẹ̀, igi géètì sì wà lókè orí Òpó gẹ́lẹ́.

"Ibí ni," ló wí.

"Ṣé ó dá ọ lójú?" ọ̀gá bárékè bi í.

"Ó dá mi lójú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, sà."

Àwọn ọ̀gá méjèèjì lọ yọjú lójú fèrèsé, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ti ọlọ́pàá ní ìgò wà níta. Ti bárékè ní ẹnu wà nínú, ẹnu la sì fi ń mutí. Sójà kan béèrè pé ikùn ńkọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ dúró sẹ́yìn. Wọ́n yí ọkọ̀ po títí ó fi sú wọn. Ọ̀gá ọlọ́pàá ti bírò rẹ̀ bọ àpò, ó ní òun kò lè kọ ẹjọ́ tí òun kò mọ ojúlé rẹ̀. Ọ̀gá bárékè ní ìgò kankan kò gbọdọ̀ kúrò ní káńtíìnì mọ́, Òpó ni yóò sì máa gbé igi géètì títí oṣù yóò fi parí. Bí wọ́n ṣe fi ọmọ náà sílẹ̀ nìyẹn, aṣọ rẹ̀ lọ́rùn rẹ̀.

Gbogbo wa yọ̀, àfi Rọra. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo rántí ni, àbí àánú ṣe mí?" Mo ní epo díẹ̀ àti iṣẹ́ òòjọ́ kan ni gbogbo rẹ̀ ná wa, ọjà ọ̀pọ̀ ni, kó fi í sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Òpó gbé igi sókè fún un, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Rọra yọrí lójú fèrèsé, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ ti tán, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ibo lo wà gan-an lọ́jọ́ yẹn?"

Òpó ṣí fìlà, ó họ orí.

"Bàbá, ohun tí mo ti fẹ́ bi yín látọjọ́ náà nìyẹn."

Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn fọn fèrè. Rọra ki jíà, ó ń mi orí lọ.