Áúnsì Wúrà, Áúnsì Bọ́tà

Òórùn èédú àti ti ásíìdì ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn ní ṣọ́ọ̀bù bàbá alágbẹ̀dẹ wúrà ní Táíwò Road. Ó kù díẹ̀ kí a wọ àwọn ọdún 1990 nígbà náà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní kẹ́mísírì, ìwé ẹ̀rí yunifásítì sì ń pa mí bí ọtí. A ti mú ọjọ́ tí wọn yóò so yìgì èmi àti ọmọbìnrin bàbá náà. Ìyá mi bá yọ ẹ̀gbà ọrùn wúrà tí ó rà bọ̀ láti Mẹ́kà, ó ní kí bàbá yọ́ ọ, kí ó fi rọ yẹtí fún ìyàwó. Kí n tó gbé e lọ, mo wọ̀n ọ́n ní láàbù ilé-ìwé: gíráàmù méjìlélọ́gọ́ta.

Bàbá gbé e sórí òṣùwọ̀n tirẹ̀. “Ó ku bín-ín-tín kó pé áúnsì méjì.”

Mo yọ bíróò lójú àwọn oníbàárà. Gíráàmù méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo mọ̀ sí áúnsì kan.

“Bàbá, ó lé ní áúnsì méjì. Gíráàmù mẹ́fà dà?”

“Ọmọ mi, áúnsì wúrà kì í ṣe áúnsì bọ́tà.”

“Áúnsì ni áúnsì ń jẹ́, Bàbá.” Mo rẹ́rìn-ín.

Oníbàárà kan, obìnrin, dá sí i: “Tísà, ṣé bíróò ni wọ́n fi ń yọ́ wúrà ní yunifásítì yín ni?”

Gbogbo ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín. Ìtìjú wá mú mi sọ pé ta ni kò mọ̀ pé alágbẹ̀dẹ wúrà a máa bù nínú ohun olóhun. Ẹ̀rín tán. Bàbá di ẹ̀gbà náà padà sínú áńkáṣíìfù, ó fi lé mi lọ́wọ́.

“Wàlláhì, ẹnikẹ́ni ò pè mí lólè rí.”

Àwọn àgbà ní ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Aṣọ ni mo ní.

Lọ́sẹ̀ kejì, nínú ìwé kan ní láíbìrì, mo rí i pé oríṣi áúnsì méjì ló wà: ti oúnjẹ, àti ti wúrà òun fàdákà, tí ó lé díẹ̀ ní gíráàmù mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo sáré lọ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ nílé bàbá. Ó gbé mi dìde, ó ní kí Ọlọ́hun dárí ji gbogbo wa. Ọmọ rẹ̀ kò sún mọ́ mi.

“Bàbá ti dárí jì yín,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n ẹ̀yìn kọ́tìnì ṣọ́ọ̀bù ni mo wà lọ́jọ́ náà. Tí ìṣírò tèmi bá yàtọ̀ sí tiyín lọ́jọ́ kan, níwájú ta lẹ ó ti pè mí lólè?”

A kò so yìgì náà mọ́.

Mo fẹ́ ẹlòmíràn, mo bímọ, mo dúpẹ́. Mo gbọ́ pé òun náà ti ń tọ́ ọmọọmọ ní Òkè-Òyì. Mọ́tò ti gbé mi kọjá níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. N kò sọ̀ rí.