Ẹ̀yìn Máàpù

Kòkó ni mò ń yí lórí ẹní nígbà tí ìyá ọkọ mi sáré wọ àgbàlá, ó ní ogun abẹ́lé ti dé Ofosu nítòsí wa, pé àwọn ọ̀tá ń tú ilé onílé. Ó ti di ẹrù wa. Orí òkè la ó sá lọ, sí ìlú àtijọ́.

Ẹnjiníà ológun ni ọkọ mi. Bébà wọ́n lójú ogun, ẹ̀yìn máàpù afárá àti ọ̀nà ló ń kọ lẹ́tà sí wa.

“Ìyàwó, sun àwọn lẹ́tà yẹn,” ni ìyá ọkọ mi wí.

“Màámi, tí kò bá padà wá ńkọ́? Kí ló kù fún mi?”

“Tí wọ́n bá ká máàpù mọ́ ọ lọ́wọ́, ta ni yóò padà wá bá? Dá iná!”

Mo fi wọ́n síná lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ka èyí tó gbẹ̀yìn kó tó jó. Ó ní kí n má bẹ̀rù.

Lórí òkè, ọmọ wa ní kí n ka lẹ́tà bàbá òun. Mo gbé e lé itan, mo ní, “Mo ti sun ún, ọmọ mi. Ẹ̀rù ló bà mí. Ṣùgbọ́n jókòó, mo ṣì rántí díẹ̀.”