Naa Dedei àti Iwin Olórí Méje

Kò sí ayàwòrán tó tó mi ní Teshie, ní Gánà. Nínú àwòrán ìpolówó fíìmù kan, orí méje ni mo yà fún iwin tó ní orí ẹyọ kan. Àmọ́ lẹ́tà róbótó aláwọ̀ ìyeyè tí mo máa ń kọ fún àwọn oníkẹ́ńkè, oúnjẹ àgbàdo tó dà bí ẹ̀kọ, ni mo fi kọ orúkọ fíìmù náà.

"Ṣé kẹ́ńkè ti jinná?" làwọn èèyàn ń bi onísinimá tó gbé iṣẹ́ náà fún mi. Inú bí i, ó fẹ́ gbé iṣẹ́ mi fún ẹlòmíì.

Naa Dedei, tó máa ń bá mi rán àpò ìyẹ̀fun tí mo ń yàwòrán sí, gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ mi. "Bọ̀ọ̀dá Laryea, iwin yín ti yó jù!"

Ó fi ọ̀dà dúdú pa ìyeyè mi rẹ́, ó kọ lẹ́tà pupa tín-ín-rín tó ń kán bí ẹ̀jẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn òǹwòran ti ń jà sí bẹ́ǹṣì ní ilé sinimá. Dedei ò jẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ṣì ń dúpẹ́.