Ìyá Onímáṣíìnì àti Ọkọ̀ Ojú Irin Orí Tábìlì

Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Ìyá Onímáṣíìnì ti ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé wọn. Àwọn aránṣọ àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn; wọ́n ní bó bá ti fetí sí máṣíìnì lẹ́ẹ̀kan, á mọ ibi tó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kan wà nílé tí kò fọwọ́ kàn rí: ọkọ̀ ojú irin kékeré tí ọkọ rẹ̀ tò sórí tábìlì ní yàrá ẹ̀yìn.

Awakọ̀ ojú irin gidi ni ọkọ náà kó tó fẹ̀yìn tì. Orí ọkọ̀ kékeré yìí kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, síbẹ̀ bọ́ọ̀dù iná kan wà nínú rẹ̀ tó ń gba àṣẹ láti ọ̀dọ̀ rìmóòtù: máa lọ, dúró, tan iná.

Láàárọ̀ Sátidé kan, iná iwájú rẹ̀ tàn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ta gìrì lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró pa. Nígbà tí ìyàwó gbé tíì wọlé, ó bá baálé níbi tó jókòó sí, tó ki ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan. Ó ní bọ́ọ̀dù ti jóná, òun á kúkú kó gbogbo rẹ̀ sínú páálí. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí ọwọ́ ọ̀hún ti ń gbọ̀n. Àwọn méjèèjì mọ̀, wọn kì í kàn án sọ ni.

“Ẹ jẹ́ n wò ó.”

Ọkọ rẹ̀ ní, “Má fagbára tú u o.”

Ní ṣọ́ọ̀bù, ìyàwó ṣí ìdérí, ó yọ bọ́ọ̀dù, ó so mọ́tò inú rẹ̀ mọ́ bátìrì tààrà. Mọ́tò yí geere. Ó wá mú mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò, ó fi ẹnu wáyà rẹ̀ àkọ́kọ́ kan wáyà mọ́tò, ó fi ìkejì kan irin ara ọkọ̀. Kò yẹ kí mítà dún, àmọ́ ó dún. Iná ń jò sí ara ọkọ̀, bọ́ọ̀dù sì ń pa mọ́tò kí òun má baà jóná.

“Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀,” ló wí fún ara rẹ̀.

Ó tú mọ́tò. Rọ́bà pẹlẹbẹ tó yẹ kó ya ìdí kábọ̀n ìsàlẹ̀, èyí tó ń gbé iná wọ mọ́tò, sọ́tọ̀ kúrò lára irin ti fàya, ojú ibi tí sikurudiráfà ti ha irin sì hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ṣì ń dán. Ó gé rọ́bà mìíràn sí i, ó fi mítà wò ó. Kẹ́kẹ́ pa.

Ó gbé e padà. Ọkọ rẹ̀ bi í pé kí ló ṣe é.

“Rọ́bà abẹ́ mọ́tò ló ya.”

Baálé ní, “Èmi ni mo ya á. Mo fẹ́ bu epo sí i, ọwọ́ mi yẹ̀.”

“Mo rí ojú ibẹ̀.”

“O rí i, o ò sì wí?”

“Mo ń dúró dè yín ni.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀. Ó tẹ rìmóòtù. Ọkọ̀ rọra gbéra, ó fa ọkọ̀ ẹ̀yìn mẹ́rin tí wọ́n so mọ́ ọn, ó sì yí tábìlì po láìta gìrì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọkọ gbà láti lọ rí dókítà, ohun tó ti ń sún síwájú láti ìgbà yìí wá. Dókítà fún un lóògùn, ó ní gbígbọ̀n náà á dín kù, pé kò dájú pé yóò lọ tán. Láti ìgbà náà, ìyàwó ló ń di sikurudiráfà mú ní yàrá ẹ̀yìn. Ọkọ á jókòó tì í, á máa ka ìwé ìlànà sí i létí, wọn á sì máa jiyàn lórí èwo ni wáyà pupa.