Táyà Eré-ìje Lẹ́nu Ilẹ̀kùn

Ìyìn ni fún ọkùnrin tó ra táyà eré-ìje, tó kó méjì sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, tó fi aṣọ bò wọ́n, ṣùgbọ́n tó fọgbọ́n jẹ́ kí aṣọ náà kúrú. Ọba ní adé. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní ìwé ẹ̀rí tó fi gíláàsì bò sára ògiri. Òun ní rọ́bà. Ìwọ̀nba tó yọ síta ti tó kí àlejò lè béèrè pé, "Ẹ̀yin ń sá eré ni?" Òun á dáhùn jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ìtìjú mú, pé, "À ń gbìyànjú." Kí Ọlọ́run má fi irú wọn dùn wá ní Dutse Alhaji tí à ń gbé.

Ará òkè ilé wa, ọmọ Yàgbà kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ni mo kọ́kọ́ rí tó ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà títí. "Ẹ̀gbọ́n," mo máa ń wí, "ẹ bo ọmọ yẹn dáadáa, òtútù á mú un." Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín. Wọ́n mọ̀ pé mo ti ra ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń bú ramúramù kó tó kúrò lójú kan, wọ́n sì mọ̀ pé ọjọ́ mi ń bọ̀.

Ọjọ́ náà dé. Ìdíje kan wà tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn ìlú, nínú pápá olódi: ọkọ̀ méjì á tò síra, wọ́n á sá eré tààrà, kí o tó ṣẹ́jú, ó ti tán. Mo fẹ́ bá wọn sá a. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kan náà ni mo fi ń lọ síbi iṣẹ́, nítorí náà mo jókòó ti ọ̀rọ̀ táyà bí ẹni tó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Táyà òpópónà ní ilà jíjìn tó ń lé omi kúrò lábẹ́ rẹ̀, àmọ́ tí a bá tẹ ọkọ̀ lójijì, á kàn máa yí lójú kan. Èyí tó jẹ́ ti pápá nìkan kò ní ilà rárá, ó pá bí orí ọ̀gá mi. Ọ̀kan wà láàárín wọn: rọ́bà rẹ̀ rọ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀dà gbígbóná bí èbà ṣe ń lẹ̀ mọ́wọ́, ilà rẹ̀ kò sì ju ìwọ̀nba tí òfin fi lè gbà á sójú títì. Òun ni mo mú. Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ni mo pè é. Inú ọyẹ́ ni mo rà á tí mo sì fi sẹ́sẹ̀ ọkọ̀, nígbà tí ètè gbogbo wa ń là. Òjò ti di ìtàn.

Mo bi ẹ̀gbọ́n òkè léèrè nípa òjò ṣá.

"Tí òjò bá ń rọ̀," wọ́n ní, "ilé ni mo máa ń wà."

Mo rò pé àwàdà ni.

Ìyá mi ń gbé ní Kwali, níbi tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ẹ̀gbọ́n wọn kan ṣoṣo tó kù láyé fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn ní Kánádà, kò sì sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ pé wọ́n á padà. Ìyá mi fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ bá wọn ní pápákọ̀ òfurufú kí wọ́n tó gbéra lọ́sàn-án. Mo ní rárá, èmi ni màá wá gbé wọn. Ọkọ̀ bíi tèmi á wà nílẹ̀, kí ìyá mi wá máa fún ara wọn mọ́ àárín èrò?

Lọ́jọ́ náà, ó ku díẹ̀ kí n dé Zuba lójú ọ̀nà Kwali nígbà tí àkọ́rọ̀ òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀. Ìdí ọkọ̀ kọ́kọ́ yà sí òsì, jẹ́jẹ́, bí ìyá àgbà tó ń wá àga. Lẹ́yìn náà ó yí po, mo sì rí i pé mo ti kọjú sí ibi tí mo ti ń bọ̀. Ọlọ́run ló ní kí ọkọ̀ kankan má wà lẹ́yìn mi. Mo rọra wọ́ dé ẹ̀gbẹ́ ọjà èso, mo dúró.

Obìnrin kan tó ń ta ọ̀pẹ̀ òyìnbó lábẹ́ tapólì yọjú. "Sànnu, Ọ̀gá. Mọ́tò kú?"

"Kò kú. Ó ń sinmi ni."

"Kai," ló wí. Àwọn bọ́ọ̀sì ń kọjá lọ sí ọ̀nà Kwali nínú òjò náà, èrò inú wọn ń sùn.

Ìyá mi pè. "Ọkọ mi, níbo lo dé?"

"Zuba ni, Mà. Ọkọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà."

"Ṣé kí n kúkú wọ bọ́ọ̀sì? Òjò ò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ń pe èrò níwájú ilé níbí, ó ku ẹnì kan."

Tí mo bá ní kí wọ́n wọ̀ ọ́, màá ní láti sọ ìdí rẹ̀. "Rárá, Mà. Mo ti ń sún mọ́ yín."

Mi ò sún. Òjò náà ò dá títí oòrùn fi yẹ àtàrí.

Nígbà tí mo dé Kwali, wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta, gèlè wà lórí wọn, àpò ẹ̀gúsí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn bó fún ẹ̀gbọ́n wọn wà lórí itan. Ẹ̀gbọ́n náà ti pè wọ́n láti inú bàálù.

"Wọ́n ní kí ẹ̀gbọ́n mi pa fóònù," ni ìyá mi wí. Wọ́n na àpò náà sí mi. "Gbé e fún ìyàwó ẹ. Kó má bàjẹ́."

Láti ìgbà náà, ojú fóònù ni àwọn méjèèjì ti ń ríra. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dá ẹ̀gbọ́n dúró pẹ̀lú ẹnu lílà, ìyá mi á sì máa bá àwòrán sọ̀rọ̀.

Mo pààrọ̀ táyà náà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Mi ò bá ẹnikẹ́ni sá eré rí. Ìyàwó mi ló sọ òtítọ́ fún ìyá mi. Èmi ò lè sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n wá kí wa, bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀. Wọ́n dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n wo ilẹ̀.

"Ṣé àwọn táyà ọjọ́ yẹn nìyí?"

"Àwọn ni, Mà."

"Wọ́n mà dán o," wọ́n wí, wọ́n sì wọlé lọ.

Mo ti fi ọṣẹ fọ táyà náà ni. Mo kó wọn sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo fi aṣọ bò wọ́n, aṣọ náà ò sì dé ilẹ̀. Èmi náà ṣe é.