Fákọ́tì Tó Mú Kí Bàbá Mi Fi Mí Rẹ́rìn-ín

Ẹ wá gbọ́ ohun tí bàbá mi fi ojú mi rí lónìí!

Lónìí ni yunifásítì máa ti ìforúkọsílẹ̀, mi ò sì tíì mọ ohun tí mo fẹ́ kà. Láti kékeré ni Bàbá ti ń pè mí ní "Lọ́yà" káàkiri Igbó-Ọrà.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní yunifásítì.

"Fákọ́tì, ìyẹn ẹ̀ka ńlá, ni kí o kọ́kọ́ mú," ó ní. "Mú Sọ́ṣà Sáyẹ́ǹsì. Tó o bá tọ́ gbogbo ẹ̀kọ́ inú ẹ̀ wò lọ́dún àkọ́kọ́, wàá wá mú èyí tó wù ẹ́."

Mo lọ bá Bàbá níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ẹ má bínú sà, mi ò fẹ́ ṣe lọ́yà mọ́. Sọ́ṣà Sáyẹ́ǹsì ni mo fẹ́."

"Kí ni wọ́n ń kà níbẹ̀?"

"Bí àwọn èèyàn ṣe ń gbé pọ̀, bí ọjà ṣe ń lọ, bí ìjọba ṣe ń ṣe."

Bàbá bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ nìyẹn! Ṣebí iṣẹ́ ẹ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ nìyẹn. Tètè lọ forúkọ sílẹ̀!"

Mo ti forúkọ sílẹ̀ o!

Ẹ̀yin tí ẹ wọlé láì mọ ohun tí ẹ fẹ́ kà, kí lẹ padà kà?