Amọ̀ Ìkòkò Lábẹ́ Títì Ìjan

Ajíbádé ọkọ mi kò kàwé kọjá kíláàsì mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe títì ní Èkìtì. Bí wọ́n bá fẹ́ da ọ̀dà síbì kan, á bọ́ bàtà, á fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ wò. Á wá bu erùpẹ̀, á ta omi sí i, á fi àtẹ́lẹwọ́ yí i bí òwú àtùpà. Bó bá já, ó dára. Bó bá gùn bí okùn tí kò já, á ní, "Ẹ wa èyí kúrò. Bí òjò bá rọ̀ á wú, bí ọyẹ́ bá dé á sán. Ọ̀dà wo ló fẹ́ dúró lórí ẹ̀?"

Èmi ni mo kọ́ ọ. Ọmọ Ìsàn ni mí, ìkòkò ni ìyá mi ń mọ. Erùpẹ̀ tó dára fún ìkòkò, ìjàngbọ̀n ni fún títì.

Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, wọ́n ń ṣe títì tó gba iwájú ilé wa lọ sí Ìjan. Ajíbádé sọ fún kọngilá pé amọ̀ ló wà níbẹ̀. Kọngilá ní kó panu mọ́. Òjò ọdún kejì kò tíì dá tí títì fi la ẹnu. Kọngilá wá ń wí káàkiri pé Ajíbádé àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni kò tẹ ilẹ̀ dáadáa. Wọ́n lé e níbi iṣẹ́. Ẹ̀bi yẹn ló gbé wọ ibojì nígbà Lẹ́ńtì èṣí.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n tún dé. Kọngilá tuntun, ilẹ̀ àtijọ́. Wọ́n ha ọ̀dà tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n fẹ́ da tuntun lé amọ̀ kan náà. Mo gbé àga Ajíbádé sí àárín títì, mo jókòó.

Awakọ̀ tó gbé ọ̀dà gbígbóná wá yọrí síta. "Màmá, ṣé kí n dà á sí yín lẹ́sẹ̀ ni?"

"Dà á síbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi á gbà á dúró ju ilẹ̀ yìí lọ."

Àwọn òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹnjiníà wọn, Olúwajùwọ́nlọ, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, sáré wá.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, a ti yẹ ilẹ̀ wò."

"Níbo?"

"Lókè lọ́hùn-ún mà, níbi òkúta yẹn."

"Ẹ yẹ orí òkè wò, ẹ wá da ọ̀dà sí ìsàlẹ̀? Ọmọ mi, ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n lo máa ń wọ̀n, tóo bá fẹ́ ra bàtà àbúrò?"

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti orí àga, mo bu ilẹ̀ ibẹ̀, mo da omi mímu mi lé e, mo pò ó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mọ. Kí awakọ̀ tó mu sìgá kan tán, ìkòkò kékeré ti jókòó sórí àtẹ́lẹwọ́ mi, tọrùn-tètè. Mo nà án sí ẹnjiníà.

"Ilẹ̀ tó di ìkòkò yìí lẹ fẹ́ kí tírélà máa gùn?"

Ó yí i wò títí. Ó fa ètè ìkòkò náà, kò ya. Ó kọjú sí awakọ̀. "Ẹ gbé ọ̀dà yẹn padà."

"Ọ̀gá! Á tutù o!"

"Mo ní ẹ gbé e padà."

N kò tíì dìde. "Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Àwọn tó bá Ajíbádé ṣiṣẹ́ wà láàárín yín. Sọ ọ́ sí wọn létí: ọwọ́ ọkọ mi ló ba títì yìí jẹ́, àbí ilẹ̀?"

Ọmọ náà gbé ìkòkò sókè. "Ilẹ̀ ni mà. Kì í ṣe ọwọ́ Bàbá."

Ìgbà náà ni mo gbé àga mi kúrò.

Wọ́n wa amọ̀ náà títí ihò fi mu ènìyàn dé àyà, wọ́n fi òkúta kún un, wọ́n la gọ́tà sí ọ̀tún àti òsì. Òjò ọdún yìí ti rọ̀ lé e, kò sán. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń sọ pé ọkọ mi kò mọṣẹ́, kó máa bọ̀. Ilé mi rèé, títì rèé. Kó gbẹ́ ibẹ̀, kó mọ ìkòkò kan fún mi.